Ẹni Tó Mira Nínú Fọ́tò

"Ẹ má mira o!"

Bí ẹ̀gbọ́n màmá mi, tá à ń pè ní Bàbá, ṣe máa ń pariwo nìyẹn ní Ìpọ̀nrí, tá a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, tó sì ti ki orí bọ abẹ́ aṣọ dúdú tó bo kámẹ́rà onígi rẹ̀. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni. Fóònù wà lọ́wọ́ gbogbo wa, síbẹ̀ a ó dúró gbagidi, nítorí kámẹ́rà náà lọ́ra: ẹni tó bá mira, ojú ẹ̀ á dàrú.

Lẹ́yìn oúnjẹ, á ṣí ìwé ńlá kan tí fọ́tò ogun ayé àtijọ́ kún inú ẹ̀. "Orí gíláàsì tí wọ́n pa oògùn fọ́tò sí ni wọ́n ń yà á sí. Inú àgọ́ dúdú ni wọ́n ti ń sáré fọ̀ ọ́ kí oògùn tó gbẹ, bẹ́ẹ̀ ìbọn ń dún nítòsí. Ọwọ́ wọn ò sì gbọ̀n!"

Nínú èyí tó fẹ́ràn jù, ojú gbogbo sójà ló hàn kedere, àfi ẹnì kan tó yíjú, tójú ẹ̀ wá dà bí èéfín.

Mo ní, "Bàbá, eléyìí ti bàjẹ́."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Bóyá ọ̀rẹ́ ẹ̀ ló pè é. Òun nìkan ló dá mi lójú pé ó ń mí."

Lọ́jọ́ ìbí tó ṣe kẹ́yìn kó tó kú, èmi ni mo wà lẹ́yìn kámẹ́rà. Gbogbo ilé dúró. Bí mo ṣe ń yà wọ́n lọ́wọ́, Bàbá fúnra ẹ̀ ló yíjú sí màmá mi ní kíṣìnnì: "Àbúrò mi, fi dòdò yẹn sílẹ̀, wá dúró tì mí!"

Fọ́tò náà ló wà ní pálọ̀ mi báyìí. Àwọn àlejò a ní ó ti bàjẹ́.

Èmi á ní, "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"