Ohun Tí Punchirala Fi Pamọ́ Lórí Siripada

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Punchirala fi ń kó àwọn ará abúlé rẹ̀ lọ sí òkè Siripada, níbi tí ojú ẹsẹ̀ Búdà wà. Kò sẹ́ni tó bá a du ipò olórí, nítorí kò sẹ́ni tí ohùn rẹ̀ le tó tirẹ̀. Agbèrò ọkọ̀ ni kó tó fẹ̀yìn tì, ó sì mọ bí wọ́n ṣe ń to ogójì èèyàn sórí ìjókòó ọgbọ̀n tí wọ́n á tún dúpẹ́.

Òfin rẹ̀ kò pọ̀. Lórí òkè, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ pé ó rẹ òun, wọn kò sì gbọdọ̀ béèrè bí ọ̀nà ṣe kù tó. Èyí tó le jù ni ti òkú: ẹni tí èèyàn rẹ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kú kò mọ́, kò gbọdọ̀ gòkè. Lórí èyí, Punchirala kì í wojú ẹnikẹ́ni. Lọ́dún kan, ẹsẹ̀ òkè ni òun àti Kumarihami ìyàwó rẹ̀ wà tí wọ́n fi gbọ́ pé bàbá obìnrin náà ti kú.

"Jẹ́ kí n fojú kan ojú ẹsẹ̀ náà ná," Kumarihami ní. "Ṣé bàbá mi ò ní dúró ni?"

Àwọn méjèèjì wọ bọ́ọ̀sì padà. Kumarihami kú kí ọdún náà tó yí po, kò gun Siripada rí.

Ní ọdún kọkànlélọ́gbọ̀n náà, Dingiri Amma bá wọn lọ, ó di àkọ́gùn, bí wọ́n ṣe ń pe ẹni tó ń gun òkè náà fún ìgbà àkọ́kọ́, lẹ́ni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin. Ọkàn ni wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ sí fún Ukkumenika, àbúrò rẹ̀ tí wọ́n jọ ń gbé, ẹ̀bẹ̀ lórí rẹ̀ ló sì gbé ìyá náà wá. Nítorí ọjọ́ orí ìyá náà, ọ̀sán ni wọ́n gòkè, dípò òru tí wọ́n máa ń gùn ún.

"Màmá àkọ́gùn," Sewwandi, ọmọbìnrin kan nínú wọn, ní, "orúnkún yín ńkọ́?"

"Bi í fúnra rẹ. Èmi àti ẹ̀ ò sọ̀rọ̀ láti ìsàlẹ̀."

"Ẹ̀gbọ́n, àkọ́gùn kì í fèsì," Punchirala dá sí i.

"Mo pọ̀n ọ́ rí, Punchirala. O sì tọ̀ sí mi lẹ́yìn. Ṣé kí n máa bá a lọ?"

Ẹ̀rín sọ nínú ẹgbẹ́.

Ilé tíì tó wà láàárín ọ̀nà ni fóònù Punchirala ti dún. Ọmọ ẹ̀gbọ́n Dingiri Amma ló pè láti abúlé: Ukkumenika ti kú láàárọ̀ nílé ìwòsàn. "Ẹ dá ìyá padà, bàbá. Ẹ ṣáà mọ òfin."

Punchirala wo ìyá náà. Ó ń fi eyín tó kù lẹ́nu rẹ̀ gé ègé ṣúgà pupa líle jẹ, ó ń fi tíì gbígbóná lé e.

"Ta ni?" Dingiri Amma ní.

"Awakọ̀ ni. Ó ń béèrè ibi tí òun máa páàkì sí."

Punchirala dìde, ó ní kí wọ́n máa gòkè lọ. Látibẹ̀ dókè, kò fi ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́.

Lókè, àkọ́gùn a máa sọ ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ sókè, olórí á ké "Sàádù", ìyẹn àmín wọn, ẹgbẹ́ á gbè é, kí ẹ̀bẹ̀ náà lè ṣẹ. Dingiri Amma kúnlẹ̀, ó fọwọ́ kan etí ojú ẹsẹ̀ náà. Ó ké pe Saman, òrìṣà tó ń ṣọ́ òkè.

"Ukkumenika ò mọ bí wọ́n ṣe ń dá wà. Ẹ jẹ́ kó padà wálé. Bó bá padà, èmi fúnra mi á mú un wá síbí, bí a tiẹ̀ máa fi ìdí wọ́ gòkè ni."

Ẹgbẹ́ ń retí. Punchirala la ẹnu. Ohùn tí wọ́n torí ẹ̀ fi í jẹ olórí kò jáde.

Dingiri Amma yíjú padà. Ó wò ó pẹ́.

"Awakọ̀ kọ́ ló pè ọ́."

Punchirala wolẹ̀.

"Nígbà wo?"

"Láàárọ̀, ní aago mẹ́wàá. Ilé tíì ni mo ti gbọ́."

Ìyá náà wo ọwọ́ rẹ̀ tó fi kan ojú ẹsẹ̀ náà. "O jẹ́ kí n gbé àìmọ́ òkú wá síbí."

"Mo ní kẹ́ ẹ ṣáà fojú kàn án, ẹ̀gbọ́n."

"Ta ló bẹ̀ ọ́? Àtàárọ̀ ló ti wà lórí ibùsùn yẹn, kò séèyàn ẹ̀ kankan tó jókòó tì í. Èmi ń jẹ ṣúgà."

Agogo wà níbẹ̀ tí oníkálukú ń lù níye ìgbà tó bá ti gòkè. Dingiri Amma gba ẹ̀gbẹ́ agogo náà kọjá láì lù ú. Punchirala na ọwọ́ láti dì í mú níbi àtẹ̀gùn. Ọwọ́ Sewwandi ni ìyá náà gbá mú.

Lọ́dún tó tẹ̀lé e, ẹlòmíràn ló kó ẹgbẹ́ lọ. Ní àràárọ̀, Punchirala máa ń dúró lẹ́nu ọgbà Dingiri Amma, á kí i. Ìyá náà á dá a lóhùn, á sì wọlé.