Agogo Irin àti Ilẹ̀kùn Tí Mi Ò Kàn

Òórùn irin tó dógùn-ún àti ti ewé máńgòrò tó ń jẹrà ni mo kọ́kọ́ mọ̀ mọ́ ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ifọ̀. Àpólà irin rélùwéè kan ni wọ́n so rọ̀ sára igi máńgòrò náà, òun ni agogo tí wọ́n fi ń pe ìjọ sí àdúrà ìdájí, aago márùn-ún ààbọ̀. Lọ́jọ́ tí pásítọ̀ gbé òòlù lé mi lọ́wọ́, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo lù ú. Ohùn náà gba ọwọ́ mi gòkè dé èjìká, ó sì mú mi títí.

Fáànù ni mò ń tún ṣe jẹun, kò sẹ́ni tó kọ́ mi ní ọ̀rọ̀ agogo. Fúnra mi ni mo wádìí rẹ̀. Mo wọn irin náà, ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún géérégé ni. Òòró ni wọ́n so ó, ìyẹn ló jẹ́ kí ohùn rẹ̀ máa kú láàárín ìṣẹ́jú-àáyá méje. Mo dá a dùbúlẹ̀, mo fi okùn gbé e níbi méjì, ínǹṣì mẹ́tàlá àti díẹ̀ sí etí kọ̀ọ̀kan, torí pé ibẹ̀ ni irin kì í ti í gbọ̀n, okùn kò sì ní pa ohùn rẹ̀. Ó di ìṣẹ́jú-àáyá mọ́kàndínlógún! Fóònù ni mo fi ń kà á, mo sì ń kọ ọ́ sínú ìwé lójoojúmọ́. Tí mo bá ń ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn ará ìjọ, wọn a ní, "Ẹnjiníà agogo, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká lọ jẹun!"

Ẹni tó máa ń kọ́kọ́ dé sí àdúrà ni bíríkìlà kan, ẹgbẹ́ mi, ará Ọ̀ṣun bíi tèmi, tó háyà yàrá kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Ọtí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ba ayé rẹ̀ jẹ́, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáwọ́ nínú rẹ̀ ni. Lọ́jọ́ kan, ó dì mí lápá mú lábẹ́ igi náà.

"Ìdájí ni ọtí máa ń pè mí. Tí mo bá ti wá gbàdúrà níbí, mo lè dúró títí ilẹ̀ á fi ṣú. Lọ́jọ́ tó ò bá rí mi, jọ̀ọ́, wá kan ilẹ̀kùn mi."

"Kí n kàn án? Màá wó o lulẹ̀ ni!"

A rẹ́rìn-ín. Ẹnu ilé Ọlọ́run la dúró sí tí mo fi ṣèlérí yẹn.

Ohun tí mo wá ń ṣe nìyí, inú sì ń bí mi sí ara mi títí di bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí. Tí mo bá ti lu irin tán, tí àwọn tó jí wọlé lọ gbàdúrà, èmi á dúró síta. Mò ń pààrọ̀ okùn, mò ń pààrọ̀ òòlù, mò ń dẹ etí sí ìgbà tí ohùn náà máa kú. Nígbà tí wọ́n bá ń ṣe oore-ọ̀fẹ́ ìparí àdúrà ni mò ń yọjú wọlé, kí n lè ṣe àmín. Ọyẹ́ mú, mo rí okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ohùn irin dé ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Pásítọ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi lórí pẹpẹ lọ́jọ́ Ìsinmi, ìjọ pàtẹ́wọ́. Wọ́n ní olùṣọ́ tòótọ́ ni mí. Olùṣọ́! Mo sì rẹ́rìn-ín músẹ́.

Lọ́jọ́ Ajé, ìyàwó bíríkìlà bá mi lábẹ́ igi. Kò kúnlẹ̀, kò kí mi.

"Bọ̀dá, ọkọ mi já bọ́ lórí ilé tí wọ́n ń kọ́ ní Mówè níjẹta. Apá ẹ̀ kán. Ó mutí kó tó gòkè."

"Ìgbà wo ló tún bẹ̀rẹ̀?"

"Èmi lẹ̀ ń bi? Ọjọ́ kẹsàn-án rèé tí kò wá sádùúrà. Kí lẹ wá ń wò níbí?"

Mo ṣí ìwé mi. Ìdájí mẹ́sàn-án, iye ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́sàn-án, mo kọ gbogbo wọn pérépéré. Kò sí ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ nípa ọkùnrin náà. Mo kọ́kọ́ bínú sí pásítọ̀ àti gbogbo ìjọ tó ń pàtẹ́wọ́, torí pé kò sẹ́ni tó béèrè rẹ̀ nínú wọn. Ṣùgbọ́n èmi ló bẹ̀, èmi ni mo ṣèlérí fún un. Lọ́jọ́ ìjíhìn, Ọlọ́run ò ní bi mí bí irin ṣe pẹ́ tó kó tó dákẹ́. Ìbéèrè tó bi Kéènì ló máa bi mí: arákùnrin rẹ dà?

Mo lọ sílé rẹ̀. Apá rẹ̀ funfun báláú nínú ohun tí wọ́n fi dì í. Kò bú mi.

"Agogo ẹ ń dún dáadáa," ló sọ. "Orí bẹ́ẹ̀dì ni mo ti ń gbọ́ ọ. Tó bá ti dákẹ́, màá máa retí kí ilẹ̀kùn dún."

Mo ka ọ̀nà náà nígbà tí mò ń padà. Láti ìdí irin dé ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀, ìgbésẹ̀ mẹ́rìnléláàádọ́rin ni. Ohùn irin ń rìn ín lójoojúmọ́. Èmi tí mo ní ẹsẹ̀ kò rìn ín.

Mo fi ìwé yẹn dáná. Ilẹ̀kùn ni mo máa ń kọ́kọ́ kàn báyìí kí n tó lu irin, àwa méjèèjì á sì jọ wọlé. Ó ṣubú lẹ́ẹ̀kan sí i, a tún bẹ̀rẹ̀ láti oókan. Mi ò mọ bí irin ṣe ń pẹ́ tó mọ́ kó tó dákẹ́. Èyí tí mo mọ̀ ni ti ìdájí òní: ìgbà kẹtàlélógójì tí àwa méjèèjì jọ wọlé láìfo ọjọ́ kan.