Wákàtí Kan Tí A Fi Pa Iná

Mo ti tan iná kí Màmá Àgbà tó ní kí n lọ tan án.

Olùkọ́ wa ló ní kí a pa iná ilé fún wákàtí kan lálẹ́ òní, torí ayé ti ń gbóná jù. Èmi àti Màmá Àgbà, ìyá dádì mi, nìkan la wà nílé ní Lugbe. Mo pa gbogbo iná, a jókòó sí pálọ̀, wọ́n ń pìtàn fún mi.

Nígbà tí wákàtí pé, mo tan iná, mo padà jókòó tì wọ́n.

"Àbẹ̀kẹ́, wákàtí yẹn ò tíì pé ni? Lọ tan iná, jàre."

Mo rò pé wọ́n ń fi mí ṣeré ni. Mo wo ojú wọn. Ó là sílẹ̀.

"Màmá, mo ti tan án."

Wọ́n fọwọ́ wá ọwọ́ mi, wọ́n dì í mú.

"Má sọ fún bàbá ẹ pé mi ò ríran dáadáa mọ́. Tó bá gbọ́, kò ní jẹ́ kí n padà sílé mi mọ́."

Mo ní mi ò ní sọ.

Àmọ́ ọ̀la ni wọ́n ń wọkọ̀ padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn nìkan ló sì ń gbé ilé wọn níbẹ̀. Dádì ti dé, àwọn àti Màmá Àgbà ń jẹun ní pálọ̀. Èmi wà ní yàrá, mò ń sunkún.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, tó bá jẹ́ ẹ̀yin, ṣé ẹ máa sọ?