Ẹni Tó Ń Sẹ́ Ògì fún Ìyá Àgbà

Ṣọ̀rọ̀rọ̀, ṣọ̀rọ̀rọ̀. Omi ògì ń ṣàn gba inú asẹ́ aláṣọ sínú abọ́ tánganran, òórùn kíkan rẹ̀ sì gba gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọmọ àbúrò bàbá mi, ọmọbìnrin tí wọ́n mú wá láti Ẹdúnàbọ̀n, ló ń sẹ́ ẹ. Ìyá àgbà jókòó tì í lórí àpótí, wọn kò gbójú kúrò lára ọwọ́ rẹ̀. Èmi dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ń fi èékánná họ ògiri. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni àwa méjèèjì, ṣùgbọ́n ilé yẹn ni wọ́n bí èmi sí. Òun kò tíì lo oṣù mẹ́ta níbẹ̀.

Kó tó dé, èmi ni mo máa ń gbé oúnjẹ síwájú ìyá àgbà. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n: ọmọ tó bá gbé oúnjẹ fún àgbà, tó bu omi ìfọwọ́, tó sì dúró dè é, òun ló ni ìjẹkù. Kì í ṣe pé ebi ń pa mí o. Ìjẹkù ìyá àgbà kàn dùn ju gbogbo ìkòkò lọ ni.

Ìgbà tó yá, iyán kò gba ọ̀fun wọn mọ́. Bí wọ́n bá mi òkèlè, á há, omi á bọ́ lójú wọn. Wọ́n gbé ìyá àgbà lọ sí ọsibítù. Èmi wà nílé ìwé lọ́jọ́ náà, ni ọmọ Ẹdúnàbọ̀n bá tẹ̀ lé wọn. Ọ̀rọ̀ kan tó ti ẹnu dókítà bọ́ ló mú bọ̀: àkìtéṣọ̀n.

"Kí ni ìyẹn?" ni mo bi í.

Ó gbé àgbọ̀n sókè bíi nọ́ọ̀sì. "Ọ̀nà inú ara tó yẹ kó fẹ̀, tó wá fún pinpin. Ó lè jẹ́ ọ̀nà ẹ̀jẹ̀, ó lè jẹ́ ọ̀nà ìtọ̀. Ti ìyá àgbà, ọ̀fun ni. Ògì tí a sẹ́ lẹ́ẹ̀mejì nìkan ni kí wọ́n máa mu."

Àtìgbà náà, òun ló ń sẹ́ ẹ, òun ló sì ń lá ìdí abọ́. Bí àlejò bá wá kí wọn, ìyá àgbà á nawọ́ sí i: "Ẹ bi ọmọ mi yìí. Òun ló mọ orúkọ àìsàn mi." Ọmọ mi! Láìpẹ́, òun àti ìyá àgbà ti ń lo ọ̀rọ̀ dókítà náà fún ohun gbogbo. Ìgò òróró tí ẹnu rẹ̀ kéré, àkìtéṣọ̀n ń ṣe é. Bùbá tí apá rẹ̀ kò gba ọwọ́ mọ́, àkìtéṣọ̀n ni. Àwọn méjèèjì á rẹ́rìn-ín. Èmi ò jẹ́ fi ẹnu mi pè é.

Lọ́jọ́ kan tó lọ pọn omi, mo sáré gbé ògì kaná. Mo fẹ́ kí tèmi dùn ju tirẹ̀. Mi ò sẹ́ ẹ, mo sì rún ẹja gbígbẹ sí i. Ẹnu kan péré ni ìyá àgbà mu, ó há. Ọrùn wọn le, ọwọ́ wọn ń já afẹ́fẹ́. Ọmọ Ẹdúnàbọ̀n ju garawa sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó tẹ̀ wọ́n síwájú, ó ń gbá wọn lẹ́yìn títí ẹja náà fi jáde.

Ìyá mi sáré wọlé. "Ta ló se ògì yìí?"

Kí n tó lanu, ọmọ náà ti ní, "Èmi ni, mà. Mo gbàgbé asẹ́."

Òun ni wọ́n gbá létí. Ìyá àgbà wò mí, wọ́n wo ẹja tó wà nílẹ̀. Ẹ gbọ́ o, mo tún jowú ìgbátí yẹn.

Lóṣù tó kọjá, oúnjẹ bẹ̀rẹ̀ sí í há èmi náà lọ́fun. Dókítà kan tí kò ju ọmọ ọmọ mi lọ yẹ̀ mí wò, ó pe orúkọ mìíràn.

Mo ní, "Dókítà, ṣé kì í ṣe àkìtéṣọ̀n?"

Ẹnu yà á. "Màmá, níbo lẹ ti gbọ́ ìyẹn? Inú ìwé àtijọ́ nìkan ni mo ti rí i. Ohun kan náà ni, a kì í sábà pè é bẹ́ẹ̀ mọ́ ni."

Ẹ má bá mi wí: inú mi dùn. Lẹ́yìn gbogbo ọdún wọ̀nyí, ọ̀rọ̀ náà di tèmi. Mi ò tíì kọjá ibùdókọ̀ Mayfair lójú ọ̀nà ilé tí mo fi pe ọmọ Ẹdúnàbọ̀n lórí fóònù. "Èmi náà ti ní àkìtéṣọ̀n o!"

Ó ní, "Má jẹ nǹkan kan. Asẹ́ ìyá àgbà wà lọ́wọ́ mi. Mò ń bọ̀."

Asẹ́ ìyá àgbà! Ta ló fún un? Owú àtijọ́ tún gún mi láyà, bí ẹni pé àná ni.

Ó dé, orí ti funfun, ó sì sẹ́ ògì náà lẹ́ẹ̀mejì lójú mi. Ṣọ̀rọ̀rọ̀, ṣọ̀rọ̀rọ̀. Mi ò tíì rí ohun tó lè sẹ́ owú kúrò nínú ènìyàn. Mo gbé e dàgbà, bóyá màá gbé e lọ. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà kọ́ mi ní ohun kan tí owú kò lè gbà lọ́wọ́ mi. Mo mu ògì náà, ó ku díẹ̀ nídìí abọ́, mo dúró. Mo ti ìjẹkù náà sọ́dọ̀ rẹ̀.