Ẹyẹ Tí Kò Fẹ́ Kí A Kíra Wa

Kí n má parọ́, kì í ṣe èmi ni mo ni ìrìn àjò náà. Ìyá tó bí bàbá mi ló ni ín, èmi kàn jẹ́ ẹni tó mọ̀wé nílé ni. Aláró ni Ìyá àgbà, ní Bẹyẹrúnkà. Ọwọ́ wọn dú fún aró títí dé ìgbọ̀nwọ́, kò sì sí ọṣẹ tó lè bọ́ ọ. Èmi ń ṣe tíṣà ní Òkè Bọ́lá, mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún, ahọ́n mi sì mú ju bó ṣe yẹ lọ. Kò tíì pẹ́ tí a gba òmìnira nígbà náà.

Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ kọ́ṣẹ́ tíṣà, ọmọ ìhà Ọbúdú lápá ìlà-oòrùn, ló kọ lẹ́tà sí mi pé kí n wá lo họlidé Kérésì lọ́dọ̀ òun. Ó ní òkè àwọn ga débi pé ìkùukùu ń wọlé bá àwọn jẹun, igbó kìjikìji wà lórí rẹ̀, àwọn òyìnbó sì ń ti ọ̀nà jíjìn wá wo ẹyẹ níbẹ̀. Mo ń túmọ̀ lẹ́tà náà fún Ìyá àgbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò aró. Àṣìṣe mi nìyẹn. Mo dé ibi tí ó ti sọ nípa ẹyẹ ńlá kan tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí aró, mo ní, "Háà, agbe nìyí." Ìyá àgbà yọ ọwọ́ kúrò nínú ìkòkò.

"Agbe wo?"

"Agbe náà ni, Ìyá. Ẹyẹ."

"Ṣé ó wà lóòótọ́ ni?"

Mo rẹ́rìn-ín, Ìyá àgbà ò rẹ́rìn-ín. Àràárọ̀ ni gbogbo Ìbàdàn ń fi agbe ṣàdúrà, pé agbe tó ni aró kì í ráhùn aró. Ṣùgbọ́n ẹ ní kí ẹni tó bá ti rí i rí nawọ́ sókè, láti Bẹẹrẹ títí dé Ọjà'ba, ẹ wò ó bóyá ẹ ó rí ọwọ́ kan.

"Àádọ́ta ọdún ni wọ́n ti ń sọ fún mi pé aró mi dà bí ti agbe," ni Ìyá àgbà wí. "Ohun tí wọn ò rí rí ni wọ́n fi ń yìn mí. Mo fẹ́ fojú ara mi rí i."

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í múra nìyẹn o. Mo kọ̀wé pé èmi àti ìyá mi àgbà ń bọ̀, ọ̀rẹ́ mi sì fèsì pé kí a má wọ aṣọ funfun, kí a má máa tẹ igi gbígbẹ mọ́lẹ̀, kí a má sì sọ̀rọ̀ rárá nínú igbó, nítorí ẹyẹ yóò sá. Ti aṣọ kò ṣòro. Kí ni aláró fẹ́ fi aṣọ funfun ṣe? Ìyá àgbà di gaàrí, wọ́n di àádùn, wọ́n tún di ìró méjì fún ẹni tó ni òkè, nítorí a kì í wọ ilé onílé lọ́wọ́ òfo. Ti ọ̀rọ̀ sísọ yìí ni wàhálà.

"Bí a bá pàdé ènìyàn nínú igbó ńkọ́?"

"Ẹ mirí sí i."

"Kí n mirí! Ṣé alángbá ni mí?"

Mo ní àfi kí a fi kọ́ra. Ní ọjọ́ Sọ́ńdè kan, a jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, a ṣe é bí ẹni pé inú igbó la wà. Ẹni tó kọ́kọ́ kọjá kí wa kú ìjókòó. Ìyá àgbà dáhùn, wọ́n béèrè ọmọ, wọ́n béèrè ìyàwó, wọ́n béèrè ẹsẹ̀ tó ń dùn ún, wọ́n tún kí i kú àná. Mo ní, "Agbe ti fò lọ." Wọ́n ní kí n má bínú. Ẹlòmíràn kọjá, agbe tún fò lọ. Kí oòrùn tó kanrí, agbe mẹ́jọ ti bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́, orí mi sì ti gbóná. Mo jágbe mọ́ ìyá tó bí bàbá mi, Ọlọ́run dárí jì mí. Mo ní bí wọn ò bá lè pa ẹnu mọ́, kí wọ́n jókòó sílé.

Ó dùn wọ́n. Wọ́n pa ẹnu mọ́ pinpin. Àsìkò yẹn gan-an ni Bàbá, baálé ilé wa, àbúrò ọkọ wọn, ti mọ́sálásí dé pẹ̀lú búùtà lọ́wọ́.

"Asàlámù aláékùn."

Ìyá àgbà mirí. Èmi náà, òmùgọ̀, mo mirí.

"Mo ní asàlámù aláékùn o!"

A tún mirí. Mùsùlùmí wo ló ń gbọ́ sálámà tí kì í dáhùn, bí kò bá ṣe pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀? Búùtà bọ́ lọ́wọ́ Bàbá. "Ta ló kú? Ẹ sọ fún mi, mo lè gbà á!" Ìyàwó ilé kan gbọ́ ọ láti ẹ̀yìnkùlé, ó figbe ta, kò tiẹ̀ béèrè ẹni tó kú. Àwọn ará ilé kejì tú jáde. Ẹnì kan ti sáré lọ sí àdúgbò Oníyanrìn lọ túfọ̀. Láàárín gbogbo ariwo yìí, Ìyá àgbà ṣì ń mirí wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ sí gbogbo ẹni tó bá wọlé. Ìgbà tí Bàbá di èjìká wọn mú, tí wọ́n ń mì wọ́n, ni Ìyá àgbà tó yíjú sí mi tìbínútìbínú.

"Ṣé o rí i báyìí? Agbe ti fò!"

Wọ́n pe ìpàdé ẹbí lójú ẹsẹ̀. Bàbá ní kí n kúnlẹ̀, mo kúnlẹ̀.

"Ẹyẹ tí ẹ fẹ́ lọ bá yìí, ṣé ẹ fẹ́ pa á ni?"

"Rárá, sà."

"Ẹ fẹ́ tà á?"

"Rárá, sà. A kàn fẹ́ wò ó ni."

"Igún kún Ọjà'ba, ẹ lọ wo ìyẹn! Ẹyẹ tí kò jẹ́ kí ènìyàn dáhùn sálámà, ẹnì kankan ò ní í ti ilé yìí lọ wò ó."

Inú bí mi, mo ti lanu láti fèsì, ṣùgbọ́n Ìyá àgbà ló sọ̀rọ̀.

"Ọkọ mi, ojú mi ló ń lọ."

Ìyá àgbà ní láti ọdún tó kọjá ni ìkùukùu ti ń bo ojú náà, pé òórùn ni àwọn fi ń mọ̀ bóyá aró ti tó rẹ aṣọ, pé ìyàwó ilé kan ló ń bá àwọn wo àwọ̀ rẹ̀. "Kí ó tó ṣú pátápátá, mo fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ ni wọ́n ń sọ fún mi." Inú ilé kan náà ni mo ń bá wọn gbé, n ò mọ̀. Ojú tì mí.

Bàbá gbé búùtà wọn nílẹ̀. Wọ́n ní, "Ẹ máa lọ. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá pàdé Mùsùlùmí nínú igbó, ẹ dá a lóhùn, kí ẹyẹ máa sá."

Ojú ò dúró de họlidé. Kí Kérésì tó dé, Ìyá àgbà kì í mọ̀ mí mọ́ àfi bí mo bá sọ̀rọ̀. Mo ní kí a ṣì jọ lọ. Wọ́n ní, "Kí ni mo fẹ́ lọ fi etí wò?" Wọ́n fún mi ní aṣọ kékeré kan tí wọ́n rẹ láró ní ìgbà mẹ́sàn-án. "Nà án sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí o fi wọ́n wéra. Má parọ́ fún mi o."

Lọ́rì mẹ́rin ni mo wọ̀, mo sì fi ọkọ̀ ojú omi sọdá odò Ọya. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta tí mo dé orí òkè, nínú òtútù tó ń mú kí eyín máa lura wọn, mo rí agbe. Mẹ́ta ni wọ́n, wọ́n ń sáré lórí ẹ̀ka bí adìẹ tí wọ́n ń lé. Mo na aṣọ náà sókè, mo di ojú kan, mo ń wò wọ́n títí apá fi ń ro mí. N ò sọ̀rọ̀.

N ò tíì sọ ẹrù kalẹ̀ ní Bẹyẹrúnkà tí Ìyá àgbà fi béèrè.

"Ìyá, ó lẹ́wà. Ṣùgbọ́n aró rẹ̀ ò dú tó tiyín. Ó dà bí aṣọ tí wọ́n rẹ lẹ́ẹ̀kan péré tí wọ́n yọ kíá."

"Mo ní kí o má parọ́ fún mi."

"Mo fi Ọlọ́run búra."

Wọ́n ronú sí i. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í mú wọn díẹ̀díẹ̀. "Ó dáa. Kí agbe náà máa fi mí ṣàdúrà."

Wọ́n na ọwọ́ aláró yẹn, wọ́n wá ojú mi kàn, wọ́n ní kí n tún un sọ. Ẹnì kan ń kọjá lójúde, ó kí wa kú ìjókòó. Ìyá àgbà ò dá a lóhùn, wọ́n ń gbọ́ mi.