Obìnrin Tó Ṣí Ìkòkò Wa ní Mẹ́kà

Àpótí méjì ni mo gbé kúrò ní Ìwó láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé yẹn, ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn ló sì jẹ́ tèmi. Gàrí, èlùbọ́, irú tí mo wé sínú ọ̀rá márùn-ún kí òórùn rẹ̀ má baà fi mí sùn ní pápákọ̀ òfuurufú, àti kọ́tìnnì tuntun méjì, ti Àǹtí Sàlámátù ni gbogbo rẹ̀. Àbúrò ìyá mi ni. Mo ṣì wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà tí òun àti ọkọ rẹ̀ lọ sí Háàjì tí wọn ò padà wálé mọ́. Ọkọ rẹ̀ ti kú tipẹ́. Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, Yáyà, tó ń gbọ́ bùkátà ilé, náà kú lọ́dún tó kọjá. Ó wá ku òun àti Hànáánì, ọmọ Yáyà, omidan ọmọ ogún ọdún.

Bí mo bá pe Àǹtí lórí fóònù, tí mo bi í pé, “Àǹtí mi, ṣé dáadáa ni?”, ìdáhùn kan náà ni mo máa ń gbọ́: “A dúpẹ́, ọmọ mi.” Hànáánì ló fi àtẹ̀jíṣẹ́ ta mí lólobó pé ojú ìyá àgbà ti ń ṣú, wọn ò rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́. Bẹ́ẹ̀ aṣọ ìkírun obìnrin ni wọ́n ń rán jẹun. Úmúrà ni mo gba físà fún, ṣùgbọ́n ojú Àǹtí ni mo ń lọ wò.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé orúnkún tèmi náà ti ń yọ mí lẹ́nu látọdún tó kọjá. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Olùkọ́ tó fi ọdún márùndínlógójì nàró níwájú ọmọléèwé kì í ṣe aláròyé.

A gbéra ní Èkó nírọ̀lẹ́, ilẹ̀ sì mọ́ bá wa ní Jẹ́dà. Òrùlé ibi tí wọ́n ti ń gba àwọn onímẹ́kà níbẹ̀ dà bí àgọ́ funfun ńláńlá tí wọ́n so mọ́ òpó, atẹ́gùn ń fẹ́ gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Àádọ́ta ríyàlì ni ìjókòó kan nínú bọ́ọ̀sì kékeré dé Mẹ́kà. Àlàájì Hámíìdì ló wà á. Ìlọrin ni bàbá bàbá rẹ̀ ti wá, ṣùgbọ́n Mẹ́kà ni wọ́n bí òun àti bàbá rẹ̀ sí.

“Ahlan, Àlàájà! Ẹ wá jókòó níwájú, ẹ ó lè na ẹsẹ̀ yín.”

“Kò sí nǹkan tó ṣe ẹsẹ̀ mi,” ni mo yára dáhùn.

Ọ̀nà náà tẹ́ rẹrẹ. Èmi tí mo mọ ọ̀nà Ìwó sí Ìbàdàn bí ẹní mowó, kòtò ni mo ń retí títí, kòtò ò wá. Nígbà tá a dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́ṣáláṣí kan, mo rí fíríìjì ńlá níta, àwọn èèyàn ń mú omi tútù inú rẹ̀, kò sẹ́ni tó ń gbowó.

“Sàbíìlì nìyẹn,” ni Àlàájì wí. “Ẹnì kan ló gbé e síbẹ̀ nítorí òkú rẹ̀, kí ẹ̀san omi náà lè máa bá a ní sàréè.”

“Wọn ò sì jí fíríìjì náà gbé?”

Ó rẹ́rìn-ín títí tó fi gbá ọwọ́ mọ́ sítíárì. Mo wá bi í pé nílùú tí omi ọ̀fẹ́ pọ̀ báyìí, ta ni ìyà tún ń jẹ. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀.

“Ọmọ onílẹ̀ tí kò rí jẹ, ìjọba ń fún un lówó lóṣooṣù. Àwa ń kọ́? Ìkáámà ni tiwa, ìwé ìgbélùú. Ìlú yìí ni wọ́n bí mi sí, Àlàájà, mo sì ń tún ìwé náà gbà bí ẹni tó dé lánàá. Bí nǹkan bá le, jámíyà là ń sá lọ.”

Ó ṣàlàyé pé jámíyà ni ẹgbẹ́ aláàánú àdúgbò. Wọ́n ń kó sàká àwọn olówó jọ, wọ́n sì ń rán obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní bààhísà, ìyẹn olùwádìí, káàkiri ilé. Ohun tí bààhísà bá rí ló ń kọ sílẹ̀, ohun tó bá sì kọ labẹ gé.

Àjà kẹta ni Àǹtí ń gbé, ní àdúgbò Rùsáífà, kò sí ẹ̀rọ agbéniròkè. Mo gun àtẹ̀gùn yẹn pẹ̀lú eyín tí mo pa pọ̀. Àǹtí dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa ojú mi láti iwájú orí dé àgbọ̀n.

“Sìdí, ìwọ rèé?”

“Èmi ni, Àǹtí mi.” Àárẹ̀ ọ̀nà ni mo fi ṣe àwáwí ẹkún mi.

Fúùlù la jẹ lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ẹ̀wà tí wọ́n tẹ̀ mọ́ òróró, pẹ̀lú búrẹ́dì pẹlẹbẹ kan tó fẹ̀ ju àwo lọ. Kò burú, ṣùgbọ́n ata ò débẹ̀. Ibẹ̀ ni Hànáánì ti sọ fún mi pé bààhísà ń bọ̀ lọ́jọ́ Túsìdé. Yorùbá yé ọmọ náà dáadáa, èdè Lárúbáwá ló fi ń dáni lóhùn, Àǹtí sì ń túmọ̀. Bí jámíyà bá gbà wọ́n, wọ́n á fún wọn ní káàdì, ilé ìwòsàn ojú á sì bá Àǹtí yọ ohun funfun tó bo ẹyinjú rẹ̀. Bí wọn ò bá gbà wọ́n, dókítà ti sọ ọ́: òkùnkùn ló kù.

Ọ̀rọ̀ dọwọ́ mi nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo mọ̀ nípa ìrànwọ́. Nígbà tí wọ́n pín ìrẹsì ní gbọ̀ngàn ìlú wa, ta ló gbà á? Ẹni tó wọ léèsì ni, tó jókòó níwájú, tí káńsẹ́lọ̀ mọ orúkọ bàbá rẹ̀. Àwọn tí ebi ń pa gan-an dúró lẹ́yìn, ìrẹsì sì tán kó tó kàn wọ́n. Nítorí náà, mo so kọ́tìnnì tuntun náà kọ́. Mo yá kápẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ ará ìsàlẹ̀. Mo ra odindi adìyẹ méjì, mo fi ata tí mo gbé wá dín wọn. Mo bọ́ góòlù ọrùn àti etí mi, mo fi wọ Àǹtí.

“Lá, lá, yà káálà!” ni Hànáánì ń ké. Rárá ló ń wí, ó ń pè mí ní àǹtí rẹ̀.

“Ẹ̀yin ọmọ Lárúbáwá yìí ò mọ àlejò í gbà,” ni mo fi dá a lóhùn.

Àǹtí fọwọ́ kan ẹ̀gbà ọrùn náà. “Sìdí, ṣé kò pọ̀ jù?”

“Àǹtí, ọmọ ta ni yín?”

Ó rẹ́rìn-ín. Kò bọ́ ọ.

Lẹ́yìn ìrun Àsárì ni bààhísà dé, obìnrin tí kò tíì tó ogójì ọdún, ohùn rẹ̀ rọ̀. Ó bi Àǹtí bóyá wọ́n ń jẹun tó. Àǹtí ní, “Alihamudulilàhi.” Ó bi í bóyá ojú ń yọ ọ́ lẹ́nu. “Alihamudulilàhi.” Èmi náà dá sí i. Mo ní kí Hànáánì sọ fún un pé ìdílé ńlá la ti wá, kò sí ohun tá a ń wá tá a ò ní. Ọmọ náà wò mí títí kó tó túmọ̀ rẹ̀. Ni obìnrin náà bá dìde, ó wọ ilé ìdáná, ó sì ṣí ìkòkò.

Ìkòkò ọbẹ̀ onílé! Nílé wa, ìyá ọkọ pàápàá á tọrọ gáfárà kó tó dán irú ẹ̀ wò. Inú bí mi, ṣùgbọ́n mo sọ lọ́kàn ara mi pé adìyẹ ló kúkú máa bá níbẹ̀. Ó wo adìyẹ, ó wo kọ́tìnnì, ó wo ọrùn Àǹtí, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó dúpẹ́, ó lọ.

Ọ̀sán Tọ́sìdé ni àtẹ̀jíṣẹ́ dé sórí fóònù Hànáánì: ilé yìí kò sí lára àwọn tí ìrànwọ́ tọ́ sí. Àǹtí ní, “A dúpẹ́ náà ni.” Ó kọjú sí ògiri. Hànáánì yíjú sí mi, ó sì sọ Yorùbá tí mo kọ́kọ́ gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ láti ọjọ́ tí mo ti dé.

“Ẹ̀yin lẹ bà á jẹ́.”

Ojú tì mí. Àṣejù, baba àṣetẹ́: mo ti máa ń kọ ọ́ sára pátákó fún ọmọ kíláàsì karùn-ún, mi ò mọ̀ pé èmi ni mò ń kọ ọ́ fún. Mo ṣe Úmúrà mi lọ́jọ́ kejì, àdúrà kan ṣoṣo ni mo sì rí ṣe níbẹ̀.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ sí ọ́fíìsì jámíyà. Àwọn obìnrin tó jókòó síbẹ̀ kún yàrá, aláwọ̀ oríṣiríṣi, kò sí èyí tó wọ góòlù. Nígbà tó kàn wá, mo fi góòlù mi lélẹ̀ lórí tábìlì.

“Sọ fún un pé èmi ni mo ni í. Èmi ni mo ra adìyẹ. Èmi ni mo purọ́.”

Ara Hànáánì yá gágá láti túmọ̀ èyí. Bààhísà ní ohun tí òun bá rí lòun ń kọ. Ó fi ìwé sí iwájú Àǹtí, pé kó fọwọ́ sí i bó bá fẹ́ kí wọ́n tún ilé rẹ̀ wò. Àǹtí ní, “Alihamudulilàhi,” ó gba bírò, ó fara balẹ̀, ó sì kọ orúkọ rẹ̀ gẹ́lẹ́gẹ́lẹ́ sórí pákó tábìlì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé náà.

Bààhísà di ọwọ́ Àǹtí mú, ó gbé e sórí ìwé.

“Ìyá mi,” ni Hànáánì túmọ̀ ohun tó sọ, “àdúrà tèmi náà ni pé kí Ọlọ́run bo àṣírí yín. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí èmi rí i ná. Mò ń bọ̀ lọ́la. Ẹ má se nǹkan kan.”

Ẹ ò mọ ìyà tó jẹ mí lọ́jọ́ kejì, àlejò wọlé, ọwọ́ mi ṣófo. Mo ti ká kọ́tìnnì, mo ti dá kápẹ́ẹ̀tì padà. Àǹtí fọwọ́ tọ́ ògiri dé ilé ìdáná, òun fúnra rẹ̀ ló ṣí ìkòkò.

“Ẹ wá wò ó,” ló wí. Ẹ̀wà àná ni, kò tó ìdajì. Lẹ́yìn náà ló sọ ohun tí kò sọ fún mi rí láti ọdún tó kọjá wá: “Ọmọ mi ti kú. Mi ò ríran.”

Mo sunkún, n ò fi ohunkóhun ṣe àwáwí. Bààhísà náà nu ojú rẹ̀.

Lọ́jọ́ Wẹ́sìdé ni mo padà lọ sí Jẹ́dà láìtíì gbọ́ èsì. Àlàájì Hámíìdì náà ló gbé mi. Mo ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un, ó mi orí. “Àlàájà, ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.” Ní ibùdókọ̀ Ìwó, bí mo ṣe ń sọ àpótí kalẹ̀, ni ohùn Hànáánì dé sórí fóònù mi, ní Yorùbá: “Wọ́n ti gbà wá.” Mo hó yèè, awakọ̀ rò pé wọ́n ti jí ẹrù mi.

Mo pín dàbínù àti omi sámúsámù fún àwọn ará ilé. Wọ́n ń bi mí bóyá òtòṣì wà nílùú olówó. Mo ní ó wà, mo ti bá wọn jẹun. Ó dùn mí pé ẹni tí wọ́n bí síbẹ̀ ṣì ń gba ìwé àlejò. Ṣùgbọ́n àbúrò ìyá mi ni obìnrin tí mi ò mọ̀ rí gun àjà mẹ́ta lẹ́ẹ̀mejì láti wo ìkòkò rẹ̀. Níbí, ta ló ń bọ̀ wá ṣí ìkòkò ẹnikẹ́ni? “Ṣé dáadáa ni?” là ń bi ara wa lẹ́nu ọ̀nà, a ti kọjá lọ kí ìdáhùn tó dé.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lẹ́yìn náà, Àǹtí pè mí, àwòrán rẹ̀ sì hàn lójú fóònù. Wọ́n ti ṣí ojú ọ̀tún. Ó wò mí títí, ó ní mo ti hewú. Mo rẹ́rìn-ín, mo dìde láti lọ tilẹ̀kùn kí n lè gbọ́ ọ dáadáa.

“Sìdí. Kí ló dé tó o fi ń di ògiri mú?”

“A dúpẹ́, Àǹtí mi.”

“Mi ò bi ọ́ bóyá o dúpẹ́. Mo ń rí ọ. Ẹsẹ̀ wo ni?”

Mo jókòó.

“Ti ọ̀tún ni, Àǹtí mi. Ó ń dùn mí gan-an.”