Àgbàdo tí Afínjú Dáná Sun

Afínjú ni wọ́n ń pe ẹ̀gbọ́n mi. Koríko kì í sùn mọ́jú lóko rẹ̀. Bó bá ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko Fàájì, ẹni tó bá a pààlà, á dúró, á ní, "Fàájì, ṣé ejò lò ń sìn níbí ni?" Fàájì á rẹ́rìn-ín.

Lọ́dún tí odò kún, omi gba oko àwọn méjèèjì. Àgbàdo tó ti ń yọmọ sùn sínú ẹrẹ̀. Ojú ti ẹ̀gbọ́n mi. Kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí oko òun bẹ́ẹ̀. Bí omi ṣe fà tán, òun àtìyàwó rẹ̀ kó gbogbo rẹ̀ jọ. Nígbà tó gbẹ, wọ́n dáná sun ún, wọ́n kọ ebè tuntun. Irúgbìn tí wọ́n máa gbìn ni kò sí.

Ìjọba wá ní àwọn máa ran àwọn tómi ba oko wọn jẹ́ lọ́wọ́. Òṣìṣẹ́ kan dé, ó wọ bàtà rọ́bà, ó ń fi fóònù ya àwòrán oko.

"Bàbá, èwo ló bàjẹ́ níbí?"

"Gbogbo ẹ̀ ni."

"Oko yín mọ́ ju pálọ̀ mi lọ. Kí ni kí n yà?"

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ní, "A ti sun ún ni, ọmọ mi."

Òṣìṣẹ́ ní àfi kí ẹni tó bá wọn pààlà wá jẹ́rìí. Fàájì nìkan ni.

"Mi ò lè lọ bá a," ẹ̀gbọ́n mi wí.

"Kí la máa wá gbìn? Eérú?" ìyàwó rẹ̀ dáhùn.

Ó lọ. Fàájì wà láàárín àgbàdo tirẹ̀ tó ti jẹrà, kò tíì fọwọ́ kàn án.

"Fàájì, ẹ kú iṣẹ́ o."

"Háà! Èmi lẹ̀ ń kí kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n?"

Ẹ̀gbọ́n mi rojọ́, ojú rẹ̀ wà nílẹ̀. Fàájì ò jẹ́ kó parí ẹ̀. Ó mú fìlà, ó bá a lọ.

"Oko ẹ̀gbọ́n yìí lomi kọ́kọ́ gbà kó tó dé tèmi," ó sọ fún òṣìṣẹ́. "Tó o bá ti gba tèmi gbọ́, gba tiwọn náà gbọ́."

"Ẹ̀yin wá ńkọ́, kí ló dé tẹ́ ò ṣa tiyín?"

"Ó rẹ̀ mí ni."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n mi ò rín.

Wọ́n fún un nírúgbìn. Ó gbìn ín, ó hù dáadáa. Ìyàwó rẹ̀ ló lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ Fàájì. Ẹ̀gbọ́n mi wá ń gba etí odò lọ sóko, bó tiẹ̀ jìn, kí òun àti Fàájì má baà pàdé. Bó ṣe ń ṣe nìyẹn títí ó fi kú.